Òwìwí Orí Òrùlé

Bí òwìwí bá ké lórí òrùlé ní Akute, ìyá kan á pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ẹlòmíì á ní kí ikú yà á, ọmọkùnrin ilé á sì máa wá òkúta. Igbe náà burú lóòótọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ ni. Èyí tó ń dún hùú-hùú nínú igi, tí akọ ń ké tí abo ń dá a lóhùn, òwìwí igbó nìyẹn. Eléyìí tó ń gbé láàárín wa kì í kọrin rárá.

Ojú rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ ló wà fún: ìyẹ́ ojú náà ló ń kó ìró lọ sí etí. Etí kan ga ju èkejì lọ, ìdí nìyí tó fi ń mọ ibi tí eku wà gan-an nínú òkùnkùn biribiri. Ẹyinjú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lè yí, ọrùn ló ń bá a ṣe é; eegun ọrùn 14 ló ní, 7 péré ni tiwa. Etí ìyẹ́ apá rẹ̀ rọ̀, kì í dún bó bá ń fò.

Odindi ló ń gbé eku mì. Tó bá yá, á pọ irun àti eegun rẹ̀ jáde ní ìṣù kan. Ẹni tó bá rí ìṣù yìí nílẹ̀ ilé àkọ́patì, tó sì rí eyín nínú rẹ̀, kò ní yà mí lẹ́nu bó bá pè é ní oògùn ìkà.

Ilé àkọ́patì pọ̀ ní Akute, ọ̀pẹ sì wà lábàtà ẹ̀bá odò Ògùn. Èkó ń ya wọ ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ tí Akute wà, ààtàn ń ga, eku ń bí. Eku ni òwìwí tẹ̀lé wá. Ó lè yé ẹyin mẹ́rin sí méje. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ebi ń pa a máa ṣe fííí, fííí nínú àjà, onílé á sọ pé ejò ti wọlé.

Ní Malaysia, àwọn olóko ọ̀pẹ ń kan àpótí sórí òpó fún un kó lè bá wọn pa eku. Lọ́dọ̀ tiwa, oògùn eku là ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó. Ọ̀pọ̀ irú oògùn náà kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Eku náà á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kiri fún ọjọ́ mélòó kan, òwìwí á sì gbé e fún ọmọ. Àwọn olóko Malaysia náà ti rí i: níbi tí wọ́n ti da irú oògùn bẹ́ẹ̀, òwìwí wọn dínkù.