Níbo Ni Owó Ẹyọ Tí Ọmọ Wa Ń Wọ̀ Ti Wá?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí a jọ ń gbé ní Kánò yìí! Bí àwọn ìyá wa ti ń rán owó ẹyọ mọ́ aṣọ ijó àwọn ọmọ láìpẹ́ yìí, ọmọdébìnrin kan bi wá pé, "Bàbá, ibo ni wọ́n ti ń ṣa èyí?" A ní etíkun Èkó àti Àgbádárìgì ni. Nígbà tí a wádìí, ojú tì wá. Irọ́ ni a pa fọ́mọ, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀.

Owó ẹyọ tí a ń ná láyé àtijọ́ kì í gbé inú òkun ilẹ̀ wa. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀, erékùṣù Maldives ni ó sì ti wá jù. Ẹran kan ń gbé inú rẹ̀ bíi ti ìgbín. Àwọn ará ibẹ̀ a ju imọ̀ àgbọn sómi, ẹyọ a lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn a kó o sí kòtò títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi jẹrà. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò tó gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí 1343, kọ̀wé nípa kòtò náà. Nígbà tó dé ilẹ̀ Mali ní 1352, ẹyọ yìí kan náà ló bá tí wọ́n ń ná.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ àwọn Potogí, Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e gba Yúróòpù wá sí etíkun wa. Kí ni wọ́n fi ń rà? Èèyàn ni. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ. Ọ̀kẹ́ mélòó kan ni wọ́n ń kà sílẹ̀ tí wọ́n fi ń mú ọmọ ọlọ́mọ lọ. Láti 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì ń kó irú rẹ̀ mìíràn wá láti Zanzibar, wọ́n ń fi ra epo pupa. Ó pọ̀ débi pé owó náà kò níyì mọ́, òfò sì bá àwọn tó tọ́jú tiwọn sínú ìkòkò.

Òwò ìkarahun kò tíì tán. Philippines, Indonesia àti Íńdíà ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ayé ti ń wá. Ẹ má rò pé omi ló gbá gbogbo rẹ̀ sétí òkun. Èyí tó bá ń dán gbinrin, ààyè ni wọ́n sábà máa ń mú un. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti ṣọ́ òwò nautilus, èyí tí ìkarahun rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, kó má baà run.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ẹyọ o. Àmọ́ kí ẹ tó ra tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà. Ẹyọ kan ni àwọn Hausa tí a bá níbí ń pè ní wuri, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kuɗi, òun náà ni wọ́n ń pe owó títí dòní. Àlejò ni ẹyọ lọ́dọ̀ tiwọn àti tiwa, ó sì ti di ará ilé.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. A ti pe ọmọ yẹn padà, a sì ti sọ òótọ́ fún un, títí kan ti àwọn tí wọ́n fi ẹyọ rà. Ẹ bá wa sọ ọ́ fún tiyín.