Orúkọ Ta Ni Ìjọ Ń Pè Nínú Àdúrà?

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìwàásù ni a máa ń gbọ́ àdúrà ìṣìpẹ̀, ìyẹn àdúrà tí ìjọ fi ń bẹ Ọlọ́run nítorí ẹlòmíràn: ìjọba, aláìsàn, arìnrìn-àjò, opó àti ọmọ òrukàn. Níwọ̀n bí ẹ̀dá inú ayé kò ti lóǹkà, tí àkókò ìsìn sì níwọ̀n, ó di dandan kí ẹnìkan pinnu orúkọ tí a ó pè àti èyí tí a ó fi sílẹ̀. Ìpinnu yìí kò sí lọ́wọ́ aṣáájú ìsìn nìkan, nítorí pé òfin, ìtàn àti ìṣèlú ti lọ́wọ́ sí i láti ìgbà pípẹ́.

Ìpìlẹ̀ àdúrà ìṣìpẹ̀ wà nínú Ìwé Kìíní sí Tímótì, orí kejì, níbi tí a ti pàṣẹ pé kí a máa gbàdúrà fún gbogbo ènìyàn, tí a sì dárúkọ àwọn ọba àti àwọn aláṣẹ lọ́tọ̀. Àṣẹ náà kò rọrùn, nítorí pé ìjọba Róòmù tí ó ń ṣàkóso nígbà náà kì í ṣe ìjọba onígbàgbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Tertullian, òǹkọ̀wé ará Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ń gbèjà ẹ̀sìn rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 197, ọ̀kan nínú àwíjàre rẹ̀ ni pé àwọn onígbàgbọ́ ń gbàdúrà fún Késárì bí wọn kò tilẹ̀ rúbọ sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pípe orúkọ aláṣẹ nínú àdúrà kò ti túmọ̀ sí pé ìjọ fọwọ́ sí ìwà rẹ̀.

Ti àwọn aṣáájú ìjọ ni ó yàtọ̀. Ní ayé àtijọ́, wàláà alábala méjì, tí a máa ń ṣí bí ìwé, ni a ń kọ orúkọ alààyè àti òkú sí, tí a sì ń kà á síta nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni ìjọ kà sí ẹni tí wọ́n jọ wà ní ìdàpọ̀. Bí a bá pa á rẹ́, ìdàpọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ìjọ Róòmù àti ti Constantinople parí ìjà ọdún 35 ní ọdún 519, ọ̀kan nínú ohun tí Róòmù béèrè fún ni pé kí a yọ orúkọ Acacius, bíṣọ́ọ̀bù Constantinople tí ó ti kú tipẹ́, kúrò lára wàláà náà. Àṣà yìí kò tíì parẹ́ láàárín àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, nítorí pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni ìjọ Rọ́ṣíà dẹ́kun pípe orúkọ Bartholomew, olórí ìjọ Constantinople, nínú àdúrà wọn, nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí ìjọ Ukraine.

Ní ti Ìjọ Àgùdà, Àpérò Vatican Kejì ni ó pàṣẹ ní ọdún 1963 pé kí a dá àdúrà ìṣìpẹ̀ gbogbo ìjọ padà sínú Míísà. Ìlànà Míísà wá tò ó ní ẹsẹẹsẹ: àìní gbogbo Ìjọ ni ó ṣáájú, àwọn aláṣẹ ìlú àti ìgbàlà gbogbo ayé ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn tí ìṣòro wọ̀ lọ́rùn, kí ó tó kan ìjọ àdúgbò fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí, nítorí ìjọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ lè parí síbẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí Míísà tí ẹnìkan mú ọrẹ wá fún, kí àlùfáà lè ṣe é nítorí olóògbé tàbí alààyè kan. Òfin Ìjọ Àgùdà ti ọdún 1983 kìlọ̀ pé irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fara jọ òwò, ó sì pàṣẹ pé lọ́jọọjọ́ Ìsinmi kí àlùfáà ìjọ ṣe Míísà kan fún gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, àti ẹni tí ó lówó àti ẹni tí kò ní.

Ìwé Àdúrà Ìjọ Áńgílíkà ni ó fi hàn jù lọ bí ọ̀rọ̀ ìlú ṣe ń wọ inú àdúrà. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, ti ọdún 1549, gbàdúrà fún òkú, ṣùgbọ́n ti ọdún 1552 yọ ọ́ kúrò. Orúkọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àlùfáà ti búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí i. Èyí ni ó di ìnira ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìgbìmọ̀ Christ Church ní Philadelphia ti pinnu, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1776 gan-an, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà kéde òmìnira rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọba náà, pé kí a máa fo ẹ̀bẹ̀ fún ọba, nígbà tí àwọn àlùfáà mìíràn ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wọn dípò kí wọ́n da ìbúra. Ìwé Àdúrà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1789 fi Ààrẹ sí ipò ọba. Nàìjíríà náà di orílẹ̀-èdè aláàrẹ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, Ọbabìnrin Elizabeth kò sì jẹ́ olórí rẹ̀ mọ́. Ààrẹ àti àwọn gómìnà ni àwọn ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ yìí ń gbàdúrà fún lónìí.

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 fi ààyè sílẹ̀ nínú ọ̀kan nínú àwọn àdúrà rẹ̀ fún gbólóhùn tí a ń kà kìkì nígbà tí ẹnìkan bá bẹ ìjọ pé kí wọ́n gbàdúrà fún òun. Ìlànà pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni kí ó béèrè wúlò títí di òní, yálà nínú ìjọ Áńgílíkà tàbí nínú ìjọ Aládùúrà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún sínú ìwé pélébé. Àìsàn, àìrọ́mọbí àti gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, bí a bá sì kéde wọn láìgba àṣẹ ẹni tí ó ni wọ́n, àdúrà lè di òfófó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ aṣáájú ìsìn fi ń pe àwọn ènìyàn ní ẹgbẹẹgbẹ́, bí aboyún, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣèdánwò tàbí àwọn tí ń wá iṣẹ́, kí olúkúlùkù lè fi “Àmín” gba ìpín tirẹ̀ láìsí pé aládùúgbò rẹ̀ mọ̀.

Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan máa yẹ orúkọ tí wọ́n ń pè wò láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè bóyá olówó tí ó wá ṣe ìdúpẹ́ nìkan ni wọ́n ń rántí, tí ẹlẹ́wọ̀n, àjèjì àti ọ̀tá kò sí níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni àṣẹ inú Ìwé Tímótì dárúkọ, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.