Ojú àti Etí: Èwo Ni Kí Á Fi Ṣọ́ Ọ́ìlì Sítíárìn Mẹ̀sí Àtijọ́?

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń wa Mẹ̀sí àtijọ́ ń gbà mọ̀ bóyá ọ́ìlì páwà sítíárìn ọkọ̀ wọn ṣì tó. Àwọn kan ń lo ojú: wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á ṣí agolo ọ́ìlì náà, wọ́n á wo ibi tó dé. Àwọn mìíràn ń lo etí: wọ́n á máa wa ọkọ̀ lọ títí sítíárìn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó wá ọ́ìlì lọ. N kò dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí ibi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi agolo ọ́ìlì sí kò ṣe é dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní irú ìlú bíi Ilé-Ogbó, tí ẹni tó ń wá ojúlówó páàtì Mẹ̀sí ti ní láti máa ro ti Ìbàdàn tàbí Èkó, ó yẹ kí á gbé ọ̀nà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, kí á mọ èyí tó tẹ̀wọ̀n.

Mẹ̀sí tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní W123. Láàárín ọdún 1976 sí 1986 ni wọ́n ṣe é ní Jámánì, iye tó jáde sì lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀ ṣì ń yí táyà nílẹ̀ Yorùbá títí dòní. Ó wà láàárín ìran ọkọ̀ méjì. Ìjàpá Volkswagen, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọjọ́ nílùú Èkó ní 1975, kò ní ọ́ìlì páwà rárá. Apá awakọ̀ ni páwà rẹ̀. Toyota tí a rà lẹ́yìn náà ní agolo rọ́bà funfun tí ọ́ìlì hàn láti ìta, wọ́n sì fa ìlà sí i lára: bí ọ́ìlì bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà ìsàlẹ̀, ọmọdé pàápàá yóò rí i. Irin ni agolo ti Mẹ̀sí yìí. Orí pọ́ǹpù gan-an ni ó jókòó sí, lápá ìsàlẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì àti họ́ọ̀sì sì yí i ká. Ojú kò lè là á kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní láti ṣí i.

Bí páwà sítíárìn ṣe ń ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ọkọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń fi agbára ti ọ́ìlì lọ sínú àpótí gíà sítíárìn, agbára ọ́ìlì yẹn ló ń bá ọwọ́ awakọ̀ yí táyà. Francis W. Davis, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ti fi í sára ọkọ̀ ní 1926, ṣùgbọ́n 1951 ni ilé-iṣẹ́ Chrysler tó kọ́kọ́ tà á fún ará ìlú lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Imperial. Ọ́ìlì kan náà tó ń ti táyà ló ń dáàbò bo irin inú pọ́ǹpù kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọ́ìlì bá dín, ìrọ̀rùn awakọ̀ nìkan kọ́ ló ń lọ. Pọ́ǹpù náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ti ojú. A ó gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó fi àkísà tó mọ́ nu orí agolo náà àti àyíká rẹ̀ dáadáa. Nínù yìí kì í ṣe àṣejù. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, eruku pupa ọ̀nà wa máa ń bo gbogbo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀nba iyanrìn tó bá sì já sínú ọ́ìlì yóò máa ha irin àti rọ́bà inú rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó tú nọ́ọ̀tì olétí méjì tó di ìdérí mú, a ó fi ọwọ́ kan tan tọ́ọ̀ṣì sí i, a ó sì wo ibi tí ọ́ìlì dé sí àmì inú agolo. Bí orí kò bá ráyè wọ ibẹ̀, dígí kékeré lè bá wa wò ó, fóònù lè bá wa yà á ní fọ́tò. Kí á rántí pé ọ́ìlì tó gbóná máa ń wú ju èyí tó tutù lọ, kí á má baà fi ọ́ìlì gbígbóná tan ara wa jẹ pé ó ti tó.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fi hàn wá pọ̀ ju bóyá ọ́ìlì tó lọ. Ọ́ìlì ATF, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń bù sí i, pupa ni nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ó bá ti di bíi kọfí, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti gbó. Bí ó bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ọ́ìlì sítíárìn kò dà bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó lè jó ọ́ìlì rẹ̀ kí ó sì tú u dànù bí èéfín, ṣùgbọ́n kò sí iná kankan níbi tí ọ́ìlì sítíárìn ń gbà. Yíyípo ló ń yí po. Bí ó bá dín, ó ń jò síta ni, ì báà ṣe lẹ́nu họ́ọ̀sì, lábẹ́ ìdérí, nídìí pọ́ǹpù tàbí lára àpótí gíà. Ẹni tó fi ojú rí i lónìí pé ó fi díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju ti oṣù tó kọjá ti mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ ń jò, nígbà tí sítíárìn kò tíì sọ ohunkóhun. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ojú náà ní àléébù tirẹ̀. Wíwò ń gba àkókò, ó ń ba aṣọ jẹ́, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò sì ní fẹ́ láti máa bẹ̀rẹ̀ lọ síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ìdérí náà ni a ń ṣílẹ̀kùn fún eruku. Ohun tí ojú rí, ti ìgbà tí a wò ó nìkan ni. Họ́ọ̀sì lè bẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí a wò ó láàárọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ́ìlì lè kún dé àmì, kó pupa dáadáa, síbẹ̀ kí pọ́ǹpù ti gbó tàbí kí bẹ́líìtì ti dẹ̀. Ojú tó wo inú agolo kò ní rí ìyẹn.

Ibẹ̀ ni etí ti gba ipò lọ́wọ́ ojú. Awakọ̀ tó mọ ohùn ọkọ̀ rẹ̀ kò nílò tọ́ọ̀ṣì. Ó mọ̀ pé igbe ṣókí tó mú létí, tó jáde nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná tàbí tó yí sítíárìn lójijì, bẹ́líìtì tó ń yọ̀ ló sábà máa ń fà á. Ó mọ̀ pé ìkùn tó ń ròkè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tẹ iná, tó sì ń le sí i nígbà tó bá ń yí ọkọ̀ padà ní ibi tóóró, ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù ló ti ń wá. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ẹlẹ́rìí: bí sítíárìn bá ń le tó tún ń rọ̀, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà lọ́nà tàbí bẹ́líìtì kò di nǹkan mú. Ojoojúmọ́ ni etí ń ṣiṣẹ́ yìí, kò gba kọ́bọ̀, kò tú nọ́ọ̀tì kankan. Ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì ló jẹ́ pé wọ́n á ti mọ àrùn ọkọ̀ kó tó dúró níwájú wọn. Ọgbọ́n gidi ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Síbẹ̀, ìgbà tí etí bá gbọ́, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Pọ́ǹpù kì í kùn nítorí pé ọ́ìlì fẹ́ẹ́ dín. Ó ń kùn nítorí pé ọ́ìlì ti dín débi pé afẹ́fẹ́ ni ó ń fà mu. Irin ti ń ha irin nìyẹn. Ìkùn náà kò sì sọ ìdí rẹ̀ tán: ọ́ìlì tó dín, asẹ́ inú agolo tó ti dí àti pọ́ǹpù tó ti gbó lè mú ohùn tó jọra jáde. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí igbe sítíárìn bá lójijì lójú ọ̀nà máa ń kánjú. Ohun tó bá rí ni yóò bù sí i. Bí ó bá lọ jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì, rọ́bà tó ń dí ọ̀nà ọ́ìlì inú sítíárìn yóò wú, yóò sì bàjẹ́, nítorí wọn kò ṣe é fún irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀. Wàhálà ìgò ọ́ìlì kan á wá di wàhálà sítíárìn odindi.

Tí a bá fi owó wọ̀n ọ́n, àlàyé kò gùn. Ẹni tó fi ojú ṣọ́ ọ yóò ra àkísà, ìgò ATF kan àti àrọ tó ní rọ́bà gígùn lẹ́nu kí ọ́ìlì má baà dà sórí bẹ́líìtì. Ẹni tó gbára lé etí nìkan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá pọ́ǹpù, yóò wọkọ̀ láti Ilé-Ogbó lọ sí ọjà páàtì Gate n'Ìbàdàn, yóò sanwó fún ohun tó ti gbó lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, yóò sì tún sanwó iṣẹ́. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò.

Tí a bá fi ẹ̀mí wọ̀n ọ́n, ojú náà ló tẹ̀wọ̀n jù. Táyà ṣì ń yí bí páwà bá lọ, ṣùgbọ́n ó ń wúwo lójijì, ìgbà tí ọkọ̀ bá sì ń rọra rìn ni ìwúwo yẹn máa ń hàn jù. Àgbàlagbà tó fẹ́ yẹ kòtò tàbí alùpùpù lójijì lè má rí agbára yẹn kójọ.

Ìdájọ́ mi nìyí: kí ojú ṣáájú, kí etí máa tẹ̀lé e. Kí á máa ṣí agolo náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti ṣáájú ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn. Kí á kọ ibi tó dé sílẹ̀ nínú ìwé kékeré tó ń gbé inú ọkọ̀, nítorí ìyàtọ̀ oṣù sí oṣù ló ń tú àṣírí ọ̀nà tó ń jò. Láàárín ìgbà náà, kí etí máa ṣọ́nà, kí awakọ̀ má sì di sítíárìn mú síbi tó parí sí ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, torí ó ń mú ọ́ìlì gbóná. Bí etí bá gbọ́ nǹkan, kí á má sáré bu ọ́ìlì. Kí á kọ́kọ́ wo inú agolo. Bí agolo bá kún, ẹ wo bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù. Bí kò bá kún, ẹ wá ibi tó ń jò kí ẹ tó bù ú.