Ṣọ́ọ̀kì Pupa Tí Mo Ní Kí Dádì Rà

Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálùkù kọ nípa nǹkan tó yé e, àwọn kan mú ìlù, àwọn kan mú oúnjẹ. Èmi mú ṣọ́ọ̀kì. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń kọ̀wé sójú pátákó o, ti maṣíìnì ni mo ń wí, irin méjì tó ní sípíríńgì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin kíláàsì wa ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa maṣíìnì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán ná.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Minna là ń gbé, ṣùgbọ́n Paiko ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, Bajaj Boxer ni wọ́n sì ń gùn lọ gùn bọ̀. Lọ́jọ́ ọjà, màmá mi á jókòó sẹ́yìn, àpò iṣu á wà láàárín wọn. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́ìlì. Bí táyà bá ti kó sí kòtò kan péré, maṣíìnì á máa jó sókè sódò bí ẹni tó gbọ́ bàtá. La bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páàtì. Ọkùnrin tó ń tajà gbé oríṣi méjì kalẹ̀. Ọ̀kan dúdú, irú èyí tó bá maṣíìnì wá láti ilé iṣẹ́. Èkejì pupa, ó ga ju dúdú lọ, sípíríńgì rẹ̀ nípọn, agolo kékeré tí wọ́n rọ gáàsì sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti dúdú. Bàbá mi wo ojú mi. Èmi ni mo sọ pé, "Dádì, ẹ ra pupa, òun ló lágbára." Owó prófíṣọ̀n mi wà nínú ohun tí wọ́n fi kún un, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gàrí nìkan lẹ ń rí nínú lọ́kà mi ní táàmù yìí.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣubú. Àwọn nìkan ni wọ́n wà lórí rẹ̀, òjò ò rọ̀, wọn ò sáré. Wọ́n dé ibi tí ojú ọ̀nà ti rí págunpàgun, ewúrẹ́ kan já sọ́nà, wọ́n tẹ bíréèkì. Táyà ẹ̀yìn kàn ń fò lórí ilẹ̀ ni, kò di ilẹ̀ mú, ó sì gbé wọn lọ sínú gọ́tà. Apá ọ̀tún wọn bó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi lè kọ nǹkan sójú pátákó. Wọn ò bá mi wí rárá, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màláàmù, ló là mí lóye. Ẹ̀yin náà lè ṣe é ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ tú báírò tó ní sípíríńgì, ẹ yọ sípíríńgì náà, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ lójijì: ó fò lọ. Sípíríńgì mọ ẹrù gbé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ wá mú sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fa òróró sínú rẹ̀, kí ẹ tì í. Bó ti wù kí ẹ fi agbára tì í tó, ó ń rọra jáde ni, torí ihò rẹ̀ kéré. Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀kì nìyẹn, òun ló ń pa fífò sípíríńgì rọ. Ti bàbá mi tó jo yẹn, kò sí nǹkan tó ṣe sípíríńgì rẹ̀, ọ́ìlì ló tán. Àìsàn ọ́ìlì ló ṣe é, a wá lọ ra sípíríńgì líle fún un!

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ti ilé yín ti kú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá dìde lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ó ṣì wà láàyè. Bó bá ń jó, ọ́ìlì ti lọ. Ní ti gáàsì inú agolo, kí ọ́ìlì má baà hó bí ọṣẹ nígbà tó bá gbóná ni wọ́n ṣe ń rọ ọ́ sí i. Ẹni tó ń sáré gan-an lórí ọ̀nà burúkú fún wákàtí púpọ̀ á jèrè rẹ̀. Paiko ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó yẹ kí ṣọ́ọ̀kì tó dáa rì díẹ̀ bí èèyàn bá jókòó. Mo ti rò pé rírì ni àbùkù. Màláàmù ní rárá. Bí táyà bá dé etí kòtò, ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ nà, kó ti táyà sísàlẹ̀ kó lè máa tẹ̀ lé ilẹ̀. Bí kò bá tíì rì tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ nà? Táyà á wà nínú afẹ́fẹ́, táyà tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò sì lè dúró fún bíréèkì kankan.

La bá wọ̀n ọ́n. Ẹni méjì gbé ìdí maṣíìnì sókè títí ṣọ́ọ̀kì fi nà tán, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín táyà lọ sí ibi tí mo sàmì sí lókè rẹ̀. Bàbá mi wá jókòó, mo tún un wọ̀n. Fún ìrìn títì, bí ṣọ́ọ̀kì bá lè rìn tó 100 mm, ó yẹ kó rì tó nǹkan bí 30 mm. Pupa yẹn rì 9 mm péré! Sípíríńgì tó yẹ àpò eédú mẹ́ta, olùkọ́ tínrín kan la gbé lé e. Gíga rẹ̀ tún dá kún un: ìdí maṣíìnì yọ sókè, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó wá ń yára yà ju bí ọwọ́ bàbá mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra èyí tó lágbára o. Ní ọjọ́ kejì tí a rà á, tí í ṣe ọjọ́ ọjà, màmá mi jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú iṣu, wọ́n ní àwọn ò tíì gun maṣíìnì tó tu àwọn lára bẹ́ẹ̀ rí. Ẹrù ló bá a mu. Ọkùnrin kan tó ń kó eédú lójoojúmọ́ ló rà á lọ́wọ́ wa, kò san tó iye tí a rà á. Màláàmù sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un kó tó sanwó.

A ra dúdú. Òrùka kan wà nísàlẹ̀ sípíríńgì rẹ̀, ó ní ìpele bí àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí a bá yí i sókè, sípíríńgì á le sí i. Kò le sí i rárá, ó kàn ń gbé maṣíìnì sókè ni, kí ẹrù má baà rì í jù. Bàbá mi nìkan: ìpele kìíní, ó rì 28 mm. Ọjọ́ ọjà: ìpele kẹta, ọ̀tún àti òsì bákan náà, kí a dá a padà lálẹ́. A tún pààrọ̀ ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì iwájú, tó ti dúdú bí ọ̀dà, a sì fẹ́ táyà bó ṣe yẹ.

Èmi ni mo máa ń yí òrùka yẹn nígbà tí mo bá wà nílé. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò tó kọjá, Dádì àti Mọ́mì jọ wá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu géètì, bí ojú mi sì ti wà nísàlẹ̀, mo kúkú wo òrùka. Ọ̀tún wà ní ìpele kẹta, òsì wà ní ìkejì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní sípánà abẹ́ ìjókòó. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n gbé wá ti tutù kí n tó ṣe é tán.