Iṣẹ́ Abẹ Imú Ti Parí, Oògùn Ṣì Kù

Irọ́: "Wọ́n ti gé ẹran tó hù nínú imú mi, àìsàn ti tán."

Òótọ́: Ẹran ni dókítà gé, ohun tó ń mú un hù ṣì wà níbẹ̀. Ẹran yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Awọ tó tẹ́ inú imú àti inú ihò egungun ojú ló wú títí tó fi rọ̀ dirodiro, iṣẹ́ abẹ kì í sì í wo wíwú náà. Bí a bá pa oògùn tì, ẹran lè tún hù, pàápàá lára ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí ẹni tí ásípírín kì í bá lára mu. Òórùn ọbẹ̀ tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń gbọ́ á tún pòórá. Ó ń dùn mí pé ẹni tó ti náwó nára á wá gbé ìgò oògùn jù sílẹ̀ nítorí pé ara ti yá, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lànà fún oògùn láti dé ibi tí kò lè dé tẹ́lẹ̀.

Irọ́: "Steroid ni oògùn tí wọ́n ní kí n máa fín símú. Á ba ara mi jẹ́."

Òótọ́: Ẹ̀rù yìí nídìí. A ti rí ohun tí ìpara ìbóra tó ní steroid ń fi ojú èèyàn ṣe. Ṣùgbọ́n mometasone àti fluticasone tí à ń fín símú, èyí tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ nínú wọn kò tó ìdá 2 nínú 100. Imú lè gbẹ tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà tí a gbà fín in ló sì sábà ń fà á. Ẹ tẹrí ba díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fín ihò òsì, kí ẹ fi ọwọ́ òsì fín ti ọ̀tún, kí ẹnu ìgò má kọjú sí àárín imú. Ẹ má fà á símú tagbáratagbára. Bí ẹ bá ń tọ́ ọ wò lọ́fun, ó ti kọjá ibi tí ẹ fẹ́.

Irọ́: "Oògùn ìfínmú tí mo rà ní kẹ́mísìtì yá ju steroid lọ."

Òótọ́: Xylometazoline, irú oògùn ìfínmú tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, ń ṣínú imú lójú ẹsẹ̀, àmọ́ bó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, imú lè dí ju ti àtẹ̀yìnwá. Steroid ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó fìdí múlẹ̀.

Irọ́: "Omi ẹ̀rọ tó fún fífọ imú kí n tó fín oògùn."

Òótọ́: Rárá o! Ẹ sè é, kó tutù, kí ẹ tó po iyọ̀ ìfọmú mọ́ ọn. Kòkòrò àìfojúrí kan tó lè wà nínú omi tí a kò sè, Naegleria fowleri, lè gba imú wọnú ọpọlọ. Bí dókítà kò bá ní kí ẹ po oògùn mọ́ omi náà, ẹ kọ́kọ́ fọ imú, kí ẹ tó fín oògùn, kí omi má baà ṣàn án jáde.