Ẹ̀rọ Ń Ké, Kí Ni Ó Ń Wí? Àlàyé Lórí Ariwo Inú Kọ̀ǹpútà Tí A Tò Nílé

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pẹ̀kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ariwo inú kọ̀ǹpútà rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lónìí tí ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tò ó pọ̀ nílé, kí wọ́n lè yan ohun tí apá wọn ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ, òun náà ni yóò jẹ́ oníṣègùn rẹ̀ nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú èyí. Ó kàn wá gidigidi. Inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó ìjálá, ẹkún ìyàwó, oríkì àti ìtàn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà sí. Òmíràn nínú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Bí ohùn wọn bá ṣègbé sínú ẹ̀rọ, a kò rí ẹni tí a ó tún padà lọ bá. Ète àpilẹ̀kọ yìí, nítorí náà, ni láti ṣàlàyé bí a ṣe lè fi etí dá àrùn ẹ̀rọ amútutù mọ̀, kí a má baà ná owó tí kò yẹ, kí a má sì pàdánù ohun tí owó kò lè rà.

Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi nílò ìtutù

Iná mànàmáná tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá lò, ooru ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dà tán. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè lo 65 wáàtì. Èyí tí ó lágbára lè kọjá 200 wáàtì nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ rántí bí gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ 60 wáàtì ṣe máa ń jó ni lọ́wọ́. Kí ẹ wá fi ojú inú wo irú rẹ̀ mẹ́ta tí a kó jọ sórí ohun tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ!

Ohun mẹ́ta ni ó ń gbé ooru yìí kúrò. Èkíní ni irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí a gbé lé ọpọlọ náà lórí. Èkejì ni ìpara tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní thermal paste. Ẹ̀kẹta ni fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú irin náà kọjá. Àwọn mìíràn ń lo omi: pọ́ǹpù kékeré kan ni yóò máa ti omi láti orí ọpọlọ lọ sínú rédíétọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ooru ọpọlọ bá tó nǹkan bí 95 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò dẹ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ooru náà kò bá rọlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, fáànù àti pọ́ǹpù nìkan ni ó ń yí. Ohun tí ó bá ń yí ni ó máa ń gbó, òun náà ni ó sì máa ń ké.

Etí ni a ó kọ́kọ́ lò

Ọ̀rọ̀ sunnùkùn, ojú sunnùkùn ni a fi ń wò ó. Kí a tó tú ìdè kankan, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bi ara wa. Ìgbà wo ni ó ń ké: ṣé kété tí a bá tan án ni, tàbí ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀? Ṣé ìró náà máa ń yára bí fáànù bá ti ń yára, àbí bákan náà ni ó ń lọ? Níbo gan-an ni ó sì ti ń wá? Fún ìbéèrè kẹta yìí, ẹ ká ìwé tí ó nípọn bíi fèrè, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sí etí, kí ẹ máa fi ẹnu kejì wá ibi kọ̀ọ̀kan kiri, láìjẹ́ kí ó kan abẹ fáànù. Ibi tí ìró bá ti rinlẹ̀ jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá ṣì rújú, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná ògiri, ẹ tú wáyà fáànù ara àpótí kan ṣoṣo, kí ẹ tún tan án, kí ẹ gbọ́. Bí ariwo bá dáwọ́ dúró, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ dá wáyà náà padà, kí ẹ gbìyànjú òmíràn. Ẹ má ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ sí fáànù orí ọpọlọ tàbí sí pọ́ǹpù. Àwọn ni kò jẹ́ kí ọpọlọ gbóná kọjá ààlà, ẹ̀rọ mìíràn kò tilẹ̀ ní í gbà láti tàn láìsí wọn.

Ìró kọ̀ọ̀kan àti ìtumọ̀ rẹ̀

Èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ tí ìró wọn gan-an ń sọ ìtumọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí a lò wọ́n níhìn-ín. Ẹni tí ó bá lè sọ fún alátùn-ún-ṣe pé "ó ń dún ta-ta-ta" yóò rí àtúnṣe gbà ju ẹni tí ó kàn ń sọ pé "ó ń pariwo" lọ.

(i) Ta-ta-ta-ta: Èyí ni pé nǹkan kan ń kan abẹ fáànù, wáyà ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Bí fáànù bá yára, ta-ta-ta náà yóò yára. Kọ̀ǹpútà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tò ní 2021 ké báyìí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Oníṣòwò kan ní kí a ra fáànù tuntun. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi di wáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí ni ó parí ọ̀rọ̀ náà.

(ii) Kẹ̀kẹ̀kẹ̀: Ìró ohun tí ó ń gbọ̀n ni èyí. Ìdè kan ti dẹ̀, tàbí ìlẹ̀kùn àpótí kò wọlé dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ àpótí díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ tí ìró náà fi dákẹ́ ni kí ẹ dè. Ẹ kò gbọdọ̀ dè é ní àdèjù, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

(iii) Hàràhàrà: Bí ìgbà tí a ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ ni ó ń dún. Bíárìn fáànù ni ó ti gbó. Oríṣi bíárìn mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pá ń yí nínú ihò olóróró, èyí tí ó ní ọta róbótó-róbótó, àti èyí tí òróró inú rẹ̀ ń gbé ọ̀pá náà sókè bí ó ti ń yí. Ti àkọ́kọ́ ni ó máa ń tètè gbó, pàápàá bí a bá dá fáànù náà dùbúlẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ó máa ń ké jù nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, tí yóò sì rọlẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti yá. Òróró díẹ̀ lè mú un dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ fáànù ni oògùn rẹ̀.

(iv) Wùùùù: Fáànù kò ṣàìsàn níhìn-ín; ó ń ṣe iṣẹ́ àṣekú ni. Ooru ti pọ̀ jù, ó sì ń sáré láti lé e jáde. Eruku ni ọ̀gá àwọn ohun tí ń fa èyí, ní pàtàkì nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà bá bò wá. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fúyẹ́ àti atẹ́gùn gbá a. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kí atẹ́gùn náà má baà yí i ní àyíjù, èyí tí ó lè ba bíárìn jẹ́. Bí eruku bá lọ tí ariwo kò lọ, ó ṣeé ṣe kí ìpara orí ọpọlọ ti gbẹ. Ẹ nu ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i.

(v) Wuu-wuu-wuu: Ìró yìí ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí ìlù méjì kò bá ohùn ara wọn mu tán. Fáànù kan tí ó ní abẹ 7, tí ó sì ń yí ní ìgbà 1200 ní ìṣẹ́jú kan, ń gé atẹ́gùn ní ìgbà 140 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹnìkejì rẹ̀ bá ń yí ní 1230, tirẹ̀ yóò jẹ́ 143 àti ààbọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni etí ń gbọ́: ìró náà yóò ga, yóò sì lọlẹ̀, ní ìgbà mẹ́ta àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò léwu rárá. Ẹ yí ìyára ọ̀kan padà díẹ̀, ó tán.

(vi) Gbuluu-gbuluu: Ọ̀dọ̀ olómi nìkan ni a ti ń gbọ́ èyí. Atẹ́gùn ti bọ́ sáàárín omi. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, kò burú kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wo ibi tí pọ́ǹpù wà. Ibi tí ó ga jù ni atẹ́gùn ń sá lọ. Bí pọ́ǹpù bá ga ju rédíétọ̀ lọ, inú pọ́ǹpù ni atẹ́gùn yóò wà, yóò sì tètè bà á jẹ́. Ẹ gbé rédíétọ̀ sókè orí àpótí. Bí ọpọlọ bá ń gbóná kíákíá, tí túùbù kan gbóná tí èkejì sì tutù, omi kò lọ mọ́ nìyẹn. Ẹ pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ìró tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ amútutù

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má baà fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Bí ó bá ń dún fíìì, tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, tí ó sì ń yí padà bí àwòrán ojú ẹ̀rọ bá ti ń yára, wáyà wíwé inú káàdì àwòrán tàbí inú àpótí iná ni ó ń gbọ̀n. Ó lè bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n kì í pa ẹ̀rọ.

Èyí tí ó yẹ kí ó ba ni lẹ́rù ni ko-ko-ko tí kì í bá fáànù yára, tí ẹ̀rọ sì ń dúró jẹ́ẹ́ kí ó tó ṣí ìwé. Àmì ni pé háádì dísìkì onírin tí ó ń yí ti fẹ́ kú. Ẹ má ṣe wá fáànù kiri mọ́. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ kọ síbòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ṣe fáànù ọ̀pọ̀ káàdì àwòrán òde òní kí ó dúró bí iṣẹ́ kò bá pọ̀, nítorí náà kí ó dúró kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ooru ń gùn, tí fáànù kò sì mira, ẹ̀rọ ń kú lọ láìsọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìkádìí

A ti rí i pé kì í ṣe gbogbo ariwo ni àrùn, kì í sì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni àlàáfíà. Wáyà, ìdè àti eruku, ọwọ́ ẹni ni ó ń tún wọn ṣe láìná owó púpọ̀; bíárìn àti pọ́ǹpù tí ó ti gbó, pípààrọ̀ ni tiwọn; háádì dísìkì tí ń kan ko-ko-ko, ẹ gba ohun tí ó wà nínú rẹ̀ là ná. Ẹni tí ó lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín igbá, igba àti ìgbà kò yẹ kí ó pàdánù ìyàtọ̀ láàárín ta-ta-ta àti ko-ko-ko. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa fi etí yìí gbọ́ ẹ̀rọ wa, kí ohùn àwọn àgbà tí a kó sí i má baà parun.