Tún Un Yẹ̀ Wò

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lọ́tẹ̀ yìí ni "tún yẹ̀ wò". Kì í ṣe "tún wò" lásán. Ẹni tó tún nǹkan wò lè kàn jújú sí i, kó máa lọ. Ẹni tó tún un yẹ̀ wò ń tú u palẹ̀ ni, bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì dájọ́ lórí rẹ̀ rí.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Peckham wa níbí. Ọjọ́ 27 oṣù November, 2000 ni wọ́n pa Dámilọ́lá Taylor, ọmọ wa, ọmọ ọdún 10. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ parí ní 2002, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n wá kó aṣọ àti bàtà tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ Dámilọ́lá lára bàtà kan, èyí tí àwọn tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ò rí. Ní 2006, ilé-ẹjọ́ dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lẹ́bi ikú rẹ̀. Bàtà yẹn ò yí padà o. Ojú tó wò ó ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí Dádì tàbí Mọ́mì bá ti dájọ́ nílé, tẹ́ ẹ sì mọ ohun tí wọn ò mọ̀, ẹ rọra ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò." Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.